Ẹsẹ̀ ló ń dùn ún, kí ni mọ́fíìnì ń wá dé ìdí ọpọlọ?

Ọmọ Òkè-Àdó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìbéèrè kan ló ń jẹ mí lọ́kàn. Àbúrò mi obìnrin ní fòníkú-fọ̀ladìde. Crisis, ìyẹn ìrora líle tí àìsàn náà máa ń mú wá, mú un lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní ẹsẹ̀ àti ìbàdí, ó sì le débi pé kò fẹ́ kí aṣọ ibùsùn kan òun lára. Parasitamọ́ọ̀lù kò ràn án. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ kan, ìyẹn náà kò ràn án. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n tó fún un ní mọ́fíìnì, kò sì pẹ́ tí ojú rẹ̀ fi walẹ̀. Mo bi í pé ṣé ìrora náà ti lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ṣì wà níbẹ̀ o. Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò kàn mí mọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ń yà mí lẹ́nu di bí mo ṣe ń kọ èyí. Dókítà kékeré tó wà níbẹ̀ ní ìdí ọpọlọ ni oògùn náà ti ń ṣiṣẹ́. Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn orí ara rẹ̀ nísàlẹ̀, níbi tí orí ti pàdé ọrùn, láti fi ibẹ̀ hàn mí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ ló ń dun ọmọ, kí ni oògùn wá lọ ṣe lẹ́yìn orí? Ẹlẹ́ẹ̀kejì: nọ́ọ̀sì ń wá ṣáá, kò wo ẹsẹ̀ rárá, àyà ọmọ ló ń wò, ó ń ka iye ìgbà tó ń mí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó là á yé mi.

Àdùkẹ́ Aláṣọ

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run á fún un ní àlàáfíà. Mi ò mọ ìdáhùn, mo kàn jókòó tì yín ni kí n lè gbọ́.

Olùkọ́ Fisiọ́

Ọmọ Òkè-Àdó, òótọ́ ni dókítà yẹn sọ, ó kàn ń kánjú ni.

Ohun tó wà lẹ́sẹ̀ àbúrò yín ni ìpalára: sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ kọrọdọ dí ojú iṣan, afẹ́fẹ́ kò dé inú eegun mọ́. Iṣan ìmọ̀lára gbé ìròyìn yẹn dé mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn. Sẹ́ẹ̀lì mìíràn gbà á níbẹ̀, ó gbé e lọ sókè, ìgbà tí ọpọlọ bá gbà á tán la tó ń ké. Ìrìn àgòkè yìí kò ṣàjèèjì sí ẹnikẹ́ni. Èyí tí ọ̀pọ̀ kò gbọ́ rí ni pé ọ̀nà kejì wà tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti ìdí ọpọlọ wá sí ọ̀pá ẹ̀yìn kan náà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti pa ìròyìn ìrora lẹ́nu mọ́ kó tó gòkè rárá.

Lọ́dún 1969 ni David Reynolds, ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Ó ki wáyà tín-ín-rín bọ apá òkè ìdí ọpọlọ eku, ibi tí àwọn onímọ̀ ń pè ní periaqueductal gray. PAG la máa ń gé e kúrú sí. Sẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ eérú ló kóra jọ síbẹ̀, wọ́n yí ihò tóóró kan tí omi ọpọlọ ń gbà kọjá ká. Reynolds fi iná mànàmáná díẹ̀ sí wáyà náà, ó sì la ikùn eku yẹn láìfún un ní oògùn ìsùn kankan. Eku kò sùn, kò sì jà. Nígbà tó di 1971, Mayer, Liebeskind, Huda Akil àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní yunifásítì UCLA náà ti rí irú rẹ̀.

Àwọn ará Ṣáínà ti ṣe tiwọn ṣáájú. Ní 1964, Tsou àti Jang fi mọ́fíìnì bíńtín sí agbègbè kan náà nínú ọpọlọ ehoro. Iye yẹn kéré débi pé bí wọ́n bá gún un sínú iṣan, kò ní ta ehoro náà létí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe fi í síbi tó yẹ, ehoro kò mọ ìrora mọ́.

Nítorí náà, ibi kan náà ni iná mànàmáná àti mọ́fíìnì ń tọwọ́ bọ̀. Lọ́dún 1976, Akil, Mayer àti Liebeskind fi naloxone dán an wò, ìyẹn oògùn tó ń lé mọ́fíìnì kúrò lójú ibi tó bá dì mọ́. Wọ́n rí i pé ó ń ba díẹ̀ nínú iṣẹ́ iná yẹn náà jẹ́. Ẹ rò ó wò: iná ni wọ́n fi sí eku, kò sí ẹni tó fún un ní mọ́fíìnì. Kí ni naloxone wá lé kúrò?

Tóyọ̀sí T.

Ẹ má dúró síbẹ̀ yẹn o, ọ̀gá. Kí ló lé kúrò?

Bàbá Rámọ́tà

Olùkọ́, ẹ kú làákàyè. Ṣùgbọ́n ó kù síbì kan. Èmi mọ mọ́fíìnì sí ohun tó ń kun ènìyàn lóorun, tó ń sọ ara di jẹ́jẹ́. Báwo ni ohun tó ń mú nǹkan sùn ṣe wá jí ọ̀nà kan dìde kó máa ṣiṣẹ́? Ẹ kọ́kọ́ tú ìyẹn fún mi.

Olùkọ́ Fisiọ́

Bàbá, ìbéèrè àgbà nìyẹn, òun gan-an ni kókó ọ̀rọ̀.

Òótọ́ ni pé mọ́fíìnì ń mú sẹ́ẹ̀lì dákẹ́. Ẹ wá wo bí ìjà ṣe ń rí ní gáréèjì. Onílàjà fẹ́ wọ àárín wọn, ẹnì kan wá dì í mú pinpin látẹ̀yìn pé, "Má dá sí i." Ẹ bá mi mú ẹni tó dì í mú yẹn kúrò, onílàjà á ráyè wọlé. Bó ṣe rí nínú PAG nìyẹn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó lè ránṣẹ́ sísàlẹ̀ láti pa ìrora wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò wọn ń fi kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ GABA dì wọ́n mú lójoojúmọ́. Lára àwọn aládùúgbò yìí ni ohun tí mọ́fíìnì ń lẹ̀ mọ́ wà, receptor ni wọ́n ń pè é, irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní mu. Mọ́fíìnì dé, aládùúgbò dákẹ́, àwọn tí wọ́n dì mú sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ibi tí wọ́n ń ránṣẹ́ sí ni ìsàlẹ̀ ìdí ọpọlọ, wọ́n ń pè é ní rostral ventromedial medulla, RVM. Howard Fields, Mary Heinricher àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí irú sẹ́ẹ̀lì méjì níbẹ̀ tí ìwà wọn kò jọra rárá. Ẹ gbé ìrù eku sórí ohun gbígbóná: kó tó fà á kúrò, irú kan á bẹ̀rẹ̀ sí í hó, irú kejì á sì dákẹ́ lójijì. ON ni wọ́n sọ àkọ́kọ́, OFF ni wọ́n sọ èkejì. ON ń ti ìrora lẹ́yìn, OFF ń dènà rẹ̀. Tí mọ́fíìnì bá dé, ON á pa ẹnu mọ́, OFF á sì máa ṣiṣẹ́ lọ láìdúró. Láti RVM yìí ni okùn ti ń bọ̀ wá sí ọ̀pá ẹ̀yìn, síbi tí iṣan ẹsẹ̀ ti ń já ìròyìn rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ ó ní ta ló rí i? Allan Basbaum àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gé okùn àsọ̀kalẹ̀ yẹn lára eku ní ọdún 1977, wọ́n wá fún un ní mọ́fíìnì. Oògùn wà nínú ara, ọpọlọ sì rí i gbà, síbẹ̀ ìrora kò gbọ́. Ọ̀nà tí iṣẹ́ ọpọlọ ì bá gbà dé ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti gé.

Mi ò sọ pé ìdí ọpọlọ nìkan ló ń dá a ṣe o. Receptor mu wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn fúnra rẹ̀, ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi lè fi mọ́fíìnì sẹ́yìn ènìyàn tààrà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Tí wọ́n bá fi díẹ̀ sókè, díẹ̀ sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lára eku, agbára rẹ̀ ju àròpọ̀ méjèèjì lọ dáadáa. Ó tún wà lókè pátápátá, ní apá ọpọlọ tó ń jẹ́ kí ìrora máa bani nínú jẹ́. Ibẹ̀ ni "kò kàn mí mọ́" ti wá. Àbúrò yín sọ ọ́ ju bí ìwé wa ṣe sọ ọ́ lọ.

Tóyọ̀sí T.

Ìbéèrè mi ńkọ́? Kí ni naloxone lé kúrò lára eku tí kò gba mọ́fíìnì?

Olùkọ́ Fisiọ́

Tirẹ̀ ni. Èyí tí ara rẹ̀ ṣe.

Lọ́dún 1973, ilé ìwádìí mẹ́ta fi receptor opioid hàn, ìyẹn èyí tí mọ́fíìnì àti àwọn oògùn irú rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́, láàárín oṣù díẹ̀ síra wọn: Candace Pert àti Solomon Snyder ní Johns Hopkins, Eric Simon ní New York, Lars Terenius ní Uppsala. Kíá ni gbogbo ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn pé, ọpọlọ ẹranko kò mọ òdòdó ọpium tí mọ́fíìnì ti ń wá rí, kí ló ń fi receptor yìí ṣe? John Hughes àti Hans Kosterlitz ní Aberdeen, ní Skọ́tíláǹdì, lọ ń gba ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń pa ẹran. Wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n sẹ́ ẹ, nígbà tó di 1975 wọ́n kéde pé àwọn ti rí ohun tí ọpọlọ ń ṣe fúnra rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní enkephalin. Lẹ́yìn ìyẹn ni endorphin tí ẹ máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn eléré ìdárayá.

Tóyọ̀sí T.

A jẹ́ pé ilé oògùn wà nínú ara wa. Kí la wá ń wá lọ sí ọsibítù?

Bàbá Rámọ́tà

Mo ti fi àdá ṣá ara mi lẹ́sẹ̀ rí lóko. Ẹ̀jẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí, mi ò mọ ìrora kankan. Mo rìn dé ilé, mo fọ ẹsẹ̀, ìyàwó mi ń pariwo, èmi ń bá a wí pé kí ló dé. Ìgbà tí mo jókòó tán ni mo tó mọ̀ pé mo ti ṣe ara mi ní nǹkan. Mo rò pé agídí ni nígbà yẹn.

Olùkọ́ Fisiọ́

Kì í ṣe agídí, Bàbá. Henry Beecher, dókítà ológun Amẹ́ríkà, rí i lára àwọn ọmọ ogun tó gbọgbẹ́ ní Anzio ní Ítálì lọ́dún 1944. Ọgbẹ́ wọn burú, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn ní àwọn kò fẹ́ mọ́fíìnì. Ara tó gbọgbẹ́ nílò àtisá ná. Ìdí ọpọlọ á pa ìrora mọ́ títí wọ́n á fi dé ibi ààbò.

Tóyọ̀sí, ohun tó fà á tí ìyẹn kò fi lè tó ni pé enkephalin kì í pẹ́ nínú ara, kíá ni àwọn ènsáìmù ti gé e wẹ́wẹ́. Ó lè gbé ọ lóko dé ilé. Crisis tó gba ọjọ́ púpọ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n má fojú kéré rẹ̀. Ní 1978, Levine, Gordon àti Fields mú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ eyín, wọ́n fún wọn ní omi lásán. Ara tu àwọn kan nínú wọn torí wọ́n gbà pé oògùn ni. Nígbà tí wọ́n wá fi naloxone lé e, ìrora padà dé. Ìgbàgbọ́ wọn ló ti ṣí oògùn inú ara wọn sílẹ̀. Ẹni tó bá ní "ọkàn rẹ̀ nìkan ló ń tàn án" kò tíì rí ìdí ọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ọmọ Òkè-Àdó, èmi ni nọ́ọ̀sì tí kì í wo ẹsẹ̀ yẹn. Kì í ṣe èmi gan-an, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wa kan náà ni.

Nínú ìdí ọpọlọ kan náà, nísàlẹ̀ níbi tó ti fẹ́ di ọ̀pá ẹ̀yìn, ìdìpọ̀ sẹ́ẹ̀lì kékeré kan wà tó ń jẹ́ preBötzinger. Àwọn ló ń lu ìlù èémí fún wa tọ̀sán-tòru, yálà a rántí tàbí a ò rántí. Jeffrey Smith, Jack Feldman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló fi í hàn lọ́dún 1991. (Inú orúkọ wáìnì ará Jámánì kan ni orúkọ yẹn ti wá, ẹ má bi mí léèrè ohun tí wọ́n ń mu.) Receptor mu wà lára àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí náà. Mọ́fíìnì kò mọ èyí tó jẹ́ ti ìrora yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ ti èémí. Ó dé ibi méjèèjì. Ó tún ń mú kí ìdí ọpọlọ má bẹ̀rù afẹ́fẹ́ burúkú tó ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, èyí tó yẹ kó mú ènìyàn mí kanlẹ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo kọ́kọ́ ń pe aláìsàn lórúkọ. Tó bá lajú tó dá mi lóhùn bó ṣe yẹ, ọkàn mi balẹ̀, torí oorun tó wúwo ló sábà máa ń ṣáájú kí èémí tó lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo máa wo àyà rẹ̀, mo máa wo aago, mo máa kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Mi ò gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ka ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú kó wá fi mẹ́rin sọ ọ́ di púpọ̀. Èémí ẹni tó wà lórí mọ́fíìnì kì í dọ́gba. Ó lè mí mẹ́rin léraléra kó wá dákẹ́ lọ títí. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá ń mí méjìlá sí ogún ní ìṣẹ́jú kan. Tó bá ti ń lọ sí mẹ́jọ, mo ti ń pe dókítà. Mo tún ń fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹyinjú. Mọ́fíìnì ń mú kí ọmọlójú kéré bíńtín, iṣẹ́ ìdí ọpọlọ nìyẹn náà. Èébì tí àwọn kan máa ń bì, ibẹ̀ náà ló ti ń wá.

Naloxone máa ń wà nítòsí. Tí a bá fún ènìyàn, ó lè jí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kó máa bú wa. Àwa á máa dúpẹ́. Ohun tí àwọn ẹbí kì í mọ̀ ni pé naloxone máa ń tán lára kí mọ́fíìnì tó tán, nítorí náà ẹni tó jí tún lè rì padà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e lọ ilé torí pé ó ti ń sọ̀rọ̀.

Kí n má dẹ́rù bà yín o. Mọ́fíìnì tí wọ́n fún ènìyàn bó ṣe yẹ, tí wọ́n sì ń ṣọ́ ọ, kì í ṣe ohun à ń sá fún. Ẹni tó wà nínú irú ìrora yẹn tí a fi sílẹ̀, àwa la ṣe ibi.

Apòògùn Agbègbè

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìta kún un, torí àwọn tó ń ka èyí tí wọn ò ní sùn ní ọsibítù rí pọ̀.

Codeine kì í ṣe nǹkan kan títí ẹ̀dọ̀ á fi sọ ọ́ di mọ́fíìnì. Ẹ̀dọ̀ àwọn kan kì í sọ ọ́ dáadáa, kò ní ran wọ́n. Tàwọn mìíràn ń sọ ọ́ ní wàrà-ǹ-ṣeṣà, ìwọ̀n kékeré á di púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn ọmọdé kú ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ bẹ́líbẹ́lí nítorí èyí, àjọ FDA tó ń ṣàkóso oògùn níbẹ̀ sì kìlọ̀ gidigidi ní 2013 pé kí wọ́n má fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Níbí, ìjọba àpapọ̀ fi òfin de ṣíṣe àti kíkó oògùn ikọ́ tó ní codeine wọlé ní oṣù karùn-ún 2018. Síbẹ̀ ẹ mọ ohun tó wà níta.

Tramadol ló yani lẹ́nu jù tí a bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àlàyé Olùkọ́, torí ọwọ́ méjì ló fi ń jà. Ẹ̀dọ̀ ń sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di ohun tó ń lẹ̀ mọ́ receptor mu. Èyí tó kù kì í jẹ́ kí serotonin àti noradrenaline tètè kúrò nílẹ̀, kẹ́míkà méjèèjì yìí sì wà lára ohun tí ìdí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sísàlẹ̀ sí ọ̀pá ẹ̀yìn. Ọ̀nà àsọ̀kalẹ̀ kan náà ló ń tì lẹ́yìn níhìn-ín lọ́hùn-ún. Ọwọ́ kejì yẹn náà ló lè mú kí ènìyàn ṣubú lulẹ̀ kó máa gbọ̀n bí ẹni tí warapá mú, pàápàá tó bá ju ìwọ̀n lọ. Naloxone kò sì ní ká ọwọ́ kejì náà.

50 àti 100 mílígíráàmù ni dókítà ń kọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní 225 lójú títì, kò sí dókítà tó kọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Tóyọ̀sí T.

Àwọn ọlọ́kadà àdúgbò wa ń lò ó, wọ́n ní kì í jẹ́ kó rẹ àwọn. Kò sí èyí tó kú nínú wọn.

Apòògùn Agbègbè

Àwọn tó kú kò ní wá sí àdúgbò láti sọ fún ọ. Bi wọ́n léèrè ẹni tó ń mu ún mọ́ ọtí tàbí mọ́ diazepam, oògùn tó ń mú ni sùn. Àwọn yẹn náà ń tẹ èémí lórí ba.

AlágbáraSS

Mo ti ń ka yín bọ̀ láti òwúrọ̀. Èmi ni ẹ ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, fòníkú-fọ̀ladìde ni mí.

Ẹ bá mi wo èyí. Mo dé ọsibítù kan lóru, mo ń rákò. Mo sọ orúkọ oògùn tó máa ń ràn mí àti ìwọ̀n rẹ̀, torí mo ti fi ara mi mọ̀ ọ́n. Dókítà wo mi, ó wo ẹnì kejì rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń mọ orúkọ abẹ́rẹ́." Wọ́n fi mí sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru mọ orúkọ oògùn rẹ̀, wọ́n á ní ó kú akitiyan. Èmi mọ tèmi, ó di pé oògùn ti di bárakú fún mi.

Pentazocine ni wọ́n máa ń fún wa jù, torí òun ló wà nílẹ̀. Ẹ wo itan àti apá àwa tí a ti gbà á fún ọdún púpọ̀: ó le gbagidi, abẹ́rẹ́ kò wọlé mọ́, ó ń di egbò. Mo fẹ́ kí Olùkọ́ dá mi lóhùn: tí oògùn kò bá ràn mí tó bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ṣé bárakú ni?

Olùkọ́ Fisiọ́

Rárá. Ohun méjì tó yàtọ̀ ni, ó sì yẹ kí dókítà tó jáde ilé ìwé mọ̀ ọ́n.

Sẹ́ẹ̀lì PAG tí mọ́fíìnì ń dé léraléra á bẹ̀rẹ̀ sí í dín ìdáhùn rẹ̀ kù. Iye tó ń pa ìrora lánàá kò ní pa á lónìí. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ara ẹnikẹ́ni nìyẹn, títí kan ti pásítọ̀ àti àlùfáà. Ó tún lè ṣẹlẹ̀ pé ọ̀nà àsọ̀kalẹ̀ náà yí padà, kí àwọn ON máa hó ju OFF lọ, kí oògùn tó yẹ kó pa ìrora wá máa mú ara ta ju ti tẹ́lẹ̀. Fífi kún ìwọ̀n rẹ̀ kì í yanjú ìyẹn.

Bárakú ní ibùjókòó tirẹ̀, kò sì jìnnà sí PAG, apá òkè ìdí ọpọlọ kan náà ni. VTA ni wọ́n ń pè é. Ọgbọ́n kan náà ni mọ́fíìnì ń lò níbẹ̀: ó mú àwọn tó ń dini mú kúrò, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń tú dopamine, kẹ́míkà tó ń mú ọkàn fẹ́ nǹkan, ráyè, ọkàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá oògùn kiri àní nígbà tí ìrora kò sí. Ẹni tó ń wá oògùn nítorí ìrora àti ẹni tó ń wá a láìsí ìrora kì í ṣe ẹnì kan náà, bí wọ́n tilẹ̀ jọ mọ orúkọ abẹ́rẹ́.

Pentazocine kì í lo receptor mu dáadáa, èyí tí wọ́n ń pè ní kappa ló gbára lé jù. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gún un fún ẹni tó ń lo mọ́fíìnì lójoojúmọ́. Ó lè já mọ́fíìnì kúrò lára rẹ̀ lójijì, kí ara rẹ̀ máa gbọ̀n.

Apòògùn Agbègbè

Mọ́fíìnì tí à ń mu lẹ́nu wà ní orílẹ̀-èdè yìí o, AlágbáraSS. Lúlúbú ni, àwọn apòògùn ọsibítù ńláńlá ń pò ó di olómi. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo ní UCH Ìbàdàn wà lára àwọn tó ti ń jà fún ọdún pípẹ́ kí ó lè dé ọ̀dọ̀ àwọn tó nílò rẹ̀. Ẹ béèrè ní ẹ̀ka ìtọ́jú ìrora, ẹ má dúró sí ẹnu ọ̀nà pàjáwìrì nìkan.

Ìyá Ìbejì Peckham

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. London ni mo wà, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi ní SS. Níbí, ìlànà NICE, àjọ tó ń kọ ìlànà ìtọ́jú fún àwọn ọsibítù, ti wà láti 2012: kí aláìsàn tó dé pẹ̀lú crisis rí oògùn ìrora gbà láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìwé ni mo sọ o. Àwọn aṣòfin wọn fúnra wọn gbé ìròyìn jáde ní 2021 pé ìtọ́jú àwọn aláìsàn wa kò dára tó, pé wọn kì í gbà wọ́n gbọ́. Èmi máa ń tẹ ìlànà yẹn, mo máa ń gbé e lọ́wọ́ wọlé. Wọ́n máa ń fún ọmọ mi ní ẹ̀rọ tó ní bọ́tìnì, tó ń tú oògùn ìrora sí i lára, òun ló ń tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ní ìwọ̀n tí kò ní kọjá. Mo bi nọ́ọ̀sì pé ṣé kí n máa bá a tẹ̀ ẹ́ tó bá sùn, ó fò sókè.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ẹ dákun, ẹ má bá a tẹ̀ ẹ́ láéláé! Ẹni tí oorun bá ti gbé lọ kò lè tẹ bọ́tìnì, ìyẹn gan-an ni ààbò rẹ̀. Bí ẹ bá ń bá a tẹ̀ ẹ́, ẹ ti mú ààbò yẹn kúrò.

Ọmọ Òkè-Àdó

Gbogbo yín ẹ ṣeun. Ó wá kù kan: tí PAG, RVM àti ti èémí bá wà lójú kan, ṣé kò sí bí wọ́n ṣe lè ya oògùn ìrora kúrò lára èyí tó ń pa èémí?

Olùkọ́ Fisiọ́

Ohun tí wọ́n ń lé kiri nìyẹn. Ní 2024, àwọn ará ilé ìwádìí Karolinska ní Stockholm kọ̀wé nínú Science lórí èkúté. Wọ́n wá àwọn sẹ́ẹ̀lì RVM tí mọ́fíìnì ń jí gan-an, wọn ò pọ̀. Nígbà tí wọ́n pa ìwọ̀nyí lẹ́nu mọ́, mọ́fíìnì kò ran ìrora mọ́. Nígbà tí wọ́n jí wọn láìsí mọ́fíìnì, ara tu èkúté náà. Wọ́n tún rí i pé ohun kan tó ń jẹ́ BDNF ni àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí fi ń bá ọ̀pá ẹ̀yìn sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá lè kan ìwọ̀nba sẹ́ẹ̀lì yẹn nìkan lára ènìyàn, ó lè ṣeé ṣe láti fi ti èémí sílẹ̀. Èkúté ni o, ẹ má tíì lọ béèrè rẹ̀ ní ilé oògùn.

Àwọn kan kò tilẹ̀ fẹ́ dé ọpọlọ rárá. FDA fọwọ́ sí suzetrigine ní oṣù kìíní 2025. Kì í ṣe opioid. Ẹnu iṣan ìmọ̀lára níta ló ti ń dènà ìròyìn, kò bá ìdí ọpọlọ ṣe nǹkan kan. Ìrora tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lára àgbàlagbà ni wọ́n fọwọ́ sí i fún.

Ọmọ Òkè-Àdó

Àbúrò mi ti wálé báyìí, mọ́fíìnì olómi ni wọ́n fún un, ó kù bí ọjọ́ mélòó kan kó tán. Ṣùgbọ́n kò rí ìgbẹ́ yà. Ìyá wa fẹ́ po àgbo fún un.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ìfun náà ní iṣan tirẹ̀, receptor mu sì kún ibẹ̀. Mọ́fíìnì ń mú un sùn, kì í sì í tètè mọ́ ọn lára bí ìrora ṣe ń ṣe. Ó yẹ kí wọ́n ti fún un ní oògùn ìyàgbẹ́ pẹ̀lú mọ́fíìnì láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ padà lọ béèrè. Kó máa mu omi dáadáa.

Ewé àsùnwọ̀n tí àwọn ìyá wa ń lò ń mú ni yàgbẹ́ lóòótọ́. Ìwọ̀n rẹ̀ ni wàhálà. Tó bá ṣí i nínú kọjá bó ṣe yẹ, omi ara á gbẹ, omi ara tó gbẹ sì ni ọ̀kan nínú ohun tó ń pe crisis. Àgbo tí wọ́n rẹ sínú ògógóró, kí Ìyá má tilẹ̀ gbé e súnmọ́ ọn. Ọtí àti mọ́fíìnì, ibì kan náà ni wọ́n ń bá èémí jà.

Bàbá Rámọ́tà

Ó dáa. Kí ọmọ má mu ún. Èmi á máa mu tèmi.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Bàbá, ṣé kò sí oògùn ìrora tí ẹ̀yin náà ń lò?

Bàbá Rámọ́tà

Tramadol tí dókítà kọ fún eékún mi ni. 50 ni o, kì í ṣe 225. Alaalẹ́ ni mo ń lò ó.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Àgbo ńkọ́? Inú kí ni wọ́n rẹ ẹ́ sí, ìgbà wo sì lẹ ń mu ún?

Bàbá Rámọ́tà

Alaalẹ́ náà ni. Inú ọtí.

Apòògùn Agbègbè

Bàbá, ẹ má mu méjèèjì pọ̀ lálẹ́ òní. Tó bá di àárọ̀, ẹ gbé ìgò àti káàdì oògùn yín tọ apòògùn tó wà nítòsí yín lọ, kó wò wọ́n pa pọ̀, kó sì bá yín pe dókítà tó kọ ọ́.